Àpò Lẹ́tà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi lu òǹtẹ̀
nílé ìfìwéránṣẹ́ Ìjerò.
Mo mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà láìjá a:
ti gbèsè a máa wúwo lọ́wọ́,
ti ọmọ tó wà ní Kánò a máa rùn bí àlùbọ́sà.
Èmi yìí náà
ni n ò mọ̀ pé ara mi ń kọ̀wé sí mi.

Ìtọ̀ mi ń hó bí ọṣẹ, mo ní iyán àná ni.
Ẹsẹ̀ mi wú, bàtà kọ̀ ọ́, mo ní ọjọ́ orí ni.
Ẹ̀jẹ̀ ríru ń kan ilẹ̀kùn,
mo ní kò sẹ́ni nílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì
ni wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi báyìí ní Ìdó,
wákàtí mẹ́rin nídìí ẹ̀rọ tó ń kùn bí oyin.
Oko kòkó kan ti wọ inú ẹ̀rọ náà lọ,
èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn.
Òkè tó wà lójú fèrèsé
kì í bi mí léèrè iye tó kù.

Ibẹ̀ ni Ìbídùn ti bá mi,
ọmọ Ùsì tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò,
ife oníke lọ́wọ́, ojú ń tì í díẹ̀:
“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìwọ̀nba tó bá ṣì ń jáde ni mo fẹ́.”
Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà wo ni ìtọ̀ àgbà di ohun ìtọrọ?

Ó fa àga, ó jókòó.
Ó ní gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara
ló ń di ẹrù kéékèèké ránṣẹ́ síra wọn,
àpò tó kéré débi pé bí a bá to ẹgbẹ̀rin
wọn ò ní í ju ìbú irun orí kan lọ.
Ọ̀rá ni awọ àpò náà,
ọ̀rọ̀ ló wà nínú rẹ̀: àṣẹ, ẹ̀bẹ̀, ìkìlọ̀.
Tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé pàǹtírí ni,
ohun tí sẹ́ẹ̀lì gbá síta.

Èyí dùn mí.
Mo ti rí akọ̀wé tuntun rí
tó da odidi àpò lẹ́tà sórí ààtàn,
ó ní òjò ti pa á.

“Èyí tó bá ti kíndìnrín wá, inú ìtọ̀ la ti ń rí i.
Bí a bá mọ̀ ọ́n kà, a lè mọ ibi tó ń dùn ún
láìfi abẹ́rẹ́ gún ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni.”
Àwọn kan tilẹ̀ ń gbìyànjú àtirán èsì padà:
wọ́n ń gba àpò lára sẹ́ẹ̀lì tí ò tíì yan iṣẹ́,
kí wọ́n fi bẹ kíndìnrín tó ń gbẹ
pé kó má tíì gbẹ.
Nínú eku, ó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀.
“Nínú ènìyàn ńkọ́?”
Ó wo ife ọwọ́ rẹ̀.
“A ò tíì débẹ̀, Bàbá. N ò ní í purọ́ fún yín.”

Ogójì ìṣẹ́jú kí n tó rí ṣíbí mẹ́ta.
Mo dé e pa, mo kọ orúkọ mi sí i lára,
ọjọ́, aago. Ìkọ̀wé mi ò tíì yẹ̀.

Lẹ́tà kan wà nínú àpótí mi láti ọdún 1987,
ti Bámitálẹ́ ará Àrámọkọ.
Ó ti kú kó tó dé.
N ò já a, n ò dá a padà,
títí dòní n ò mọ ẹni tó ń pè é.

Ìbídùn fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà.
Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó ké sí i:
“Òjò ń ṣú o, ọmọ mi.
Má jẹ̀ẹ́ kó pa á.”