Enid Wá Wo Orogún

Aago méje òwúrọ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́,
bọ́ọ̀sì ń tu èéfín létí òkun Whitby,
àwa mọ́kànlélógún, àti awakọ̀ tó ń yán.
Ìjókòó kẹrìnlá ṣófo.
Kò sẹ́ni tó fẹ́ fìdí kàn án.
Alwyn Garbutt ló ni ín, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
títí di oṣù kẹwàá tó kọjá,
tí ọkàn rẹ̀ dákẹ́ níbi tó ti ń kan ọgbà ẹ̀yìnkùlé.

Ìgbà náà la rí obìnrin kan tó ń sá sọdá títì,
báàgì ní apá, ìborùn búlúù Alwyn lọ́rùn,
ó ta á ní kókó bí ẹni di ẹrù igi.
Enid ni. Ìyàwó rẹ̀,
ẹni tí kò fẹsẹ̀ tẹ pápá rí láyé.
Ó ní, "Ẹ yé wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn.
Gbogbo Sátidé ni mo fi bá ẹnìkan pín ọkọ.
Mo fẹ́ lọ fojú gán-án-ní orogún mi."
A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu wa.

A gun òkè, a sọ̀ kalẹ̀, a tún gun òmíràn.
Àgùntàn tò sẹ́bàá ọ̀nà
bí àgbàlagbà tó ń dúró de owó ìfẹ̀yìntì.
Enid yọ búrẹ́dì ẹlẹ́yin síta, ó gé e sí mẹ́rin mẹ́rin,
ó ń gé etí rẹ̀ kúrò, ó ń dì í sínú bébà.
"Alwyn kì í jẹ etí búrẹ́dì."
A wo ojú ara wa.
Etí búrẹ́dì lọkùnrin yẹn máa ń kọ́kọ́ jẹ
kí bọ́ọ̀sì tó kúrò nílùú.
Kò sẹ́ni tó la ẹnu.

Workington. Òjò wínníwínní.
Ẹnu ọ̀nà àlejò há bí ojú abẹ́rẹ́.
Ọmọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ìyeyè tú báàgì rẹ̀,
ó bá fọ́tò Alwyn nínú férémù,
ó ní gíláàsì ò gbọdọ̀ wọlé.
Enid wò ó.
Ọmọ náà wo bàtà ara rẹ̀.
Fọ́tò wọlé.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀,
òkun rán kùrukùru sí wa.
Ó gbé ilé góòlù ọ̀hún mì,
ó gbé àwọn aláàárín mì, ó gbé réfírì mì,
ó ku fèrè rẹ̀ nìkan tó ń ké kiri
bí ọmọ ewúrẹ́ tó wá ìyá rẹ̀ tì.
Enid kán ọrùn, ó dìde lórí ìka ẹsẹ̀.
"Ẹ ò rí i! Mo rìn láti òkun dé òkun,
orogún mi daṣọ bojú."

Lójijì ni ariwo sọ lápá ibì kan.
Ta ló gbá a wọlé?
A ké sí àwọn onílé: "Ẹ jọ̀ọ́, góòlù ta ni?"
Ohùn kan dáhùn láti inú funfun náà:
"Àwa náà fẹ́ bi yín ni!"
Enid rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá irin mú,
títí ó fi ń húkọ́,
títí a ò fi mọ ohun tó ń ṣe mọ́,
mo sì kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀lù yẹ kó wà.

Ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gọ́ta, réfírì ní ó tó.
Wọ́n á tún un gbá lọ́jọ́ mìíràn.

Lójú ọ̀nà, mo fi kóró ṣúgà mẹ́ta àti ṣíbí
ṣàlàyé ọ́fúsáídì fún un.
Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó mi orí.
"Bí Alwyn ṣe ṣàlàyé ẹ̀ nìyẹn náà.
Irọ́ ni mo pa fún un pé ó yé mi."

Awakọ̀ paná inú ọkọ̀.
Lórí òkè, níbi tí kò sí iná ilé kankan,
mo gbọ́ tí bébà ń dún lórí ìjókòó kẹrìnlá,
ẹnìkan ń jẹ etí búrẹ́dì
díẹ̀díẹ̀.