Ihò Ló Ṣáájú

Kì í ṣe igi ló kọ́kọ́ dé, kì í ṣe bẹ́ǹṣì.
Ihò ló ṣáájú.
Korbinian Zwick gbẹ́ ẹ sínú òkè lẹ́bàá odò Naab,
òun àti ìbaaka olójú kan,
ọdún mẹ́ta gbáko; ṣọ́bìrì mọ́kànlá ló kán.
Nígbà òtútù, odò a dì gbagidi,
wọ́n á fi ayùn rẹ́ ẹ bí ẹni ń rẹ́ pákó,
wọ́n á fi koríko gbígbẹ wé yìnyín bí ọmọ tuntun,
wọ́n á yí àgbá bíà tẹ̀ lé e wọ ihò.
Bíà a sùn. Ooru kò mọ ibùsùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n oòrùn oṣù keje kì í ṣe ẹgbẹ́ òkúta,
díẹ̀díẹ̀ ló ń gba àtàrí òkè wọlé.
Kreszenz, ìyàwó rẹ̀, ló ní, "Dé e ní fìlà."
Wọ́n gbin igi kastáníà méjìlá:
ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ òmìrán,
gbòǹgbò rẹ̀ kì í rìn jìn, kì í yọjú sí àjà ihò.
Bíà ni wọ́n gbin ibòòji fún.
Ènìyàn ló wá jókòó sí i.

Àwọn tó ń ta oúnjẹ láàrin ìlú fara ya,
wọ́n kọ̀wé sí ìjọba:
"Kó ta ọtí, kó má ta búrẹ́dì."
Àṣẹ dé. Korbinian fi ìwé àṣẹ nu ẹnu àgbá.
Láti ìgbà náà, kálukú ń gbé agbọ̀n tirẹ̀ bọ̀,
wàràkàṣì, iyọ̀ nínú bébà, aṣọ tábìlì tí ìyá lọ̀.
Ìlara ló gbin àṣà yẹn.

Tábìlì kẹrin láti ẹnu ọ̀nà:
ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin ló ń ta káàdì níbẹ̀.
Ogun pe mẹ́rin. Ogun dá ọ̀kan padà.
Xaver a pín káàdì sọ́nà mẹ́rin,
a ta tirẹ̀,
a dúró.
Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.

Nígbà ogun kejì, ihò di ilé.
Àwọn ìyá jókòó lórí àgbá òfìfo, bọ́ǹbù ń kanlẹ̀kùn lókè;
ibẹ̀ ni wọ́n bí Notburga sí, lórí koríko yìnyín.
Òun náà nìyí, ẹni ọgọ́rin ọdún,
tó ń gbé ife mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
tó ń pe ọ̀gá báńkì ní "ìwọ ọmọ yìí".
Òtútù wo ló kù tó máa mú un?

Fíríìjì dé. Odò kò dì mọ́.
Igi ku mẹ́sàn-án, kòkòrò sì ń jẹ ewé wọn di pupa ṣáájú àkókò.
Lọ́dún ìjẹta, àrọ́mọdọ́mọ Zwick fẹ́ sọ ibẹ̀ di ibi ìgbọ́kọ̀sí.
Onímọ̀ ẹ̀rọ dé pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀,
ó kan ilẹ̀, ó tún un kàn, ó mirí:
"Ihò wà nísàlẹ̀. Kò ní lè gbé ọkọ̀."
Ènìyàn nìkan ló lè gbé.

Notburga janlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n lè gbọ́.
Ilẹ̀ dáhùn: gbùù.
"Bíà àbí omi?" ló bi mí,
kò sì dúró gbọ́ èsì.