Orúkọ Nìkan Ló Sọdá

Ní Trondheim, aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán,
ilẹ̀ ti ń ṣú.
Òjò dídì ń rọra bà lé òrùlé ilé búrẹ́dì tó kọjú sí wa.
Gunnvor bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún nìkan,
ó tan kọ̀ǹpútà,
ó ní, "Ó ku mẹ́tàlélógójì."

Dùùrù mẹ́tàlélógójì
tó ń retí ẹni tí yóò fa okùn wọn le
kí Kérésì tó wọlé.
Àwọn tó ni wọ́n wà nínú ìwé ojúlùmọ̀ tí ẹ̀rọ ń bá wa tọ́jú:
orúkọ, nọ́ńbà, òpópónà, ilé tí ajá wà,
ilé tí a ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ̀.
Ṣùgbọ́n fa ẹnìkan nínú wọn sórí fọ́ọ̀mù iṣẹ́,
kí o wò ó:
orúkọ nìkan ni yóò sọdá,
bí àlejò tó gbàgbé ẹrù rẹ̀ sí ibùdókọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Eskil dúró nínú yìnyín
pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójú fóònù rẹ̀:
Sunniva.
Sunniva wo? Ní àdúgbò wo?
Orúkọ a máa ro ènìyàn, a gbà,
ṣùgbọ́n orúkọ kì í gbé ìpè.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kà, tí Gunnvor ń tẹ̀.
"Mẹ́sàn-án, méjì, òdo, òdo..."
"Rọra. Òdo mélòó?"
"Méjì."
Kọfí tutù. A ò rántí rẹ̀.

A dé ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n: Torleif Brekkhus.
N kò tíì la ẹnu tí ó ti tẹ òpópónà náà tán.
Ó wá dáwọ́ dúró.
Oṣù Kẹjọ ni wọ́n sin ín; òun náà lọ síbẹ̀.
Ragnfrid, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló jogún dùùrù.

Ó pa orúkọ rẹ́, ó fi ti ọmọ sí i.
Ó pa nọ́ńbà rẹ́, ó fi ti ọmọ sí i.
Òpópónà kò yí padà.
Ó ku àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí bàbá fẹnu ara rẹ̀ sọ
ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn:
*Okùn tó gbẹ̀yìn lápá òsì, ẹ má fà á le.
Bó ṣe ń gbọ̀n yẹn ni ìyàwó mi fẹ́ràn.*

"Ṣé kí a kọ 'ìyá mi'?" ni mo bi í.
Gunnvor wo ojú ẹ̀rọ títí
ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi fẹ́ kú fúnra rẹ̀.
Ó da ọ̀rọ̀ náà kọ bó ṣe wà,
àmì ìdánudúró kan kò yẹ̀,
ó fi sí Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá,
ó ní kí ẹ̀rọ rán Eskil létí lẹ́ẹ̀mejì.

Ó fẹ́ èémí sí ìka rẹ̀.
"Ó ku mẹ́rìndínlógún," ó wí.
"Kà á."