Okùn Kẹrin

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ní Ìsọ̀kùn, lẹ́yìn ìdánrawò,
mo gbé gìtá báàsì ṣọ́ọ̀ṣì wa wálé
nínú àpò rẹ̀ tí síìpù ti kú.
Ó wúwo bí ọmọ tó sùn lọ léjìká.

Ẹjọ́ rẹ̀ kò ṣòro í rò:
okùn kìn-ín-ní, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irùngbọ̀n ológbò, ń pariwo;
èkejì ń fèsì; ẹ̀kẹta ń gbìyànjú;
okùn kẹrin, àgbà wọn, tó nípọn jù,
tó yẹ kí ilẹ̀ mì bó bá lanu,
ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́
bí onígbèsè tó gbúròó olówó lẹ́nu ọ̀nà.

Onígbèsè kẹ̀? Ó mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́?
Bàbá bàbá mi ta aṣọ àwìn dé Ọ̀fà, dé Òkènè,
òṣó ló ń ló sẹ́nu ọ̀nà wọn títí owó fi pé.
Èmi náà lóṣòó ti áńpù.
Mo ní, ìwọ okùn yìí, n kò ní dìde
àfi bí o bá san gbogbo ohùn tí o jẹ mí.

Mo fura sí okùn. Àárọ̀ Àbámẹ́ta, mo rìn dé Ẹ̀rẹ́jà,
ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà, okùn tuntun, ó ń dán bí eyín ọmọdé.
Ó dùn ju ti àtijọ́ lọ,
kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.
Mo fura sí wáyà. Mo fura sí áńpù.
Mo fura sí iná ìjọba, tí kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ yìí,
ló bá bínú lọ.
Mo fura sí ìka mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Tọ́ọ̀ṣì ni mo fi rí òòfà náà,
pákó dúdú pẹlẹbẹ abẹ́ okùn, etí tí gìtá fi ń gbọ́ ara rẹ̀.
Ó fì sápá kan!
Ó gbé èjìká kan sókè sábẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́,
ó ri èkejì sínú igi, ó jìnnà sí àgbà
débi pé kọ́bọ̀ mẹ́rin tó gun ara wọn lè wọ àárín wọn.

Mo ti mú sukudiráfà kí n tó rántí ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá Dúrójayé.
Ọdún mọ́kànlá ló fi ta gìtá yìí ṣáájú mi.
Ẹ̀rọ ìlagi ti gba ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.
Àtàǹpàkò agbégi ló fi ń já okùn kẹrin,
ọmọńdinrín ló fi ń tọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wò,
bí ẹni ń wò ó bóyá ọbẹ̀ ti tutù.
Ló bá yí ìdè. Ó gbé etí kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń kígbe,
ó sún un mọ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ kò jáde.
Lọ́wọ́ tirẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba.

Mo dìde lóṣòó. Orúnkún mi dún.
Okùn kẹrin kò jẹ mí ní kọ́bọ̀.

Mo pè é ní Àkúrẹ́, nílé ọmọ rẹ̀ obìnrin.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un:
“Ṣé o ò tíì yí i láti ọjọ́ yìí?
Ṣùgbọ́n má sún un mọ́ ọn jù o.
Òòfà a máa fa okùn; ohùn á wá máa gbọ̀n
bí ẹni ibà ń ṣe.”

Aago mẹ́sàn-án kọjá, iná dé.
Ìlàjì yípo sápá òsì, mo ta á, mo tẹ́tí.
Ìlàjì yípo, mo tẹ́tí.
Mo kọ iye rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ètò ìsìn, ìlàjì méje,
bóyá ọwọ́ rẹ̀ á tún padà wá lọ́jọ́ kan.
Mo wá fi ìka mi méjèèjì já okùn kẹrin.

Ìyá mi ké láti yàrá:
“Ta ló ń kanlẹ̀kùn lóru yìí?”
Kò sẹ́nì kankan, Màámi.
Àgbà kan ló ń sọ̀rọ̀.