Orúkọ Tó Wà Lẹ́yìn Ìwé

Àná ni wọ́n gbé ìwé owó èbúté lé mi lọ́wọ́ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ wa níbí,
ìwé aláwọ̀ ewé, tí omi ti mu létí,
òórùn ẹja yíyan ṣì wà nínú rẹ̀.
Wọ́n ní, "Dísù, ìwọ ni alága àwa ọlọ́kọ̀ báyìí."
Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan ra mínírà tútù fún mi.
Mo rẹ́rìn-ín,
ṣùgbọ́n ìdí mi kò tíì kan àga.

Àga yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.
Àga Bàbá Láwànì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú,
tó ń mì bí ọkọ̀ tí wọ́n di ẹrù rẹ̀ sápá kan.
Nígbà tí a ní kí káfíńtà wá tún un ṣe,
Bàbá bi í pé, "Pákó mélòó ló ti jẹrà
lórí afárá tí èrò ń gbà wọkọ̀?"
Ó ní méje.
"Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."
Ọdún yípo, pákó mìíràn jẹrà.
Káfíńtà kò dé ìdí àga títí Bàbá fi lọ.

N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni o.
Ó máa ń jágbe mọ́ni bí ẹni tí eṣinṣin wọ̀ létí.
Ó jẹ mí lówó ọ̀sẹ̀ méjì rí, kò san án títí dòní.
Bí ayò bá sì fẹ́ dà á, ọwọ́ rẹ̀ a yára,
ọmọ ayò méjì a di mẹ́ta.
Ẹ̀yin tí ẹ wá ń kì í bí ẹni tí kò ṣẹ̀ rí,
ẹ rọra.

Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan,
lẹ́yìn ìrun Alásàrí, nínú oṣù Agẹmọ.
Òjò ṣú láti apá Ejìnrìn, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ọlọ́lá kan dé pẹ̀lú mọ́tò mẹ́ta,
ó ní ká tètè gbé òun sọdá ọ̀sà.
Ó da owó sórí tábìlì, owó tó tó ra ẹ́ńjìnì.
Bàbá wo ojú ọ̀run.
Ó wo èmi, ọ̀dọ́mọdé tí yóò wa ọkọ̀ náà.
"Dísù, kí lorúkọ ìyá rẹ?"
Mo ní, "Sínátù."
Ó kọjú sí ọlọ́lá:
"Kí ni kí n lọ wí fún Sínátù?"

Ọkọ̀ kankan kò ṣí.
Owó padà sínú àpò, mọ́tò mẹ́ta yí padà,
àwa jókòó, à ń kùn, ebi ń pa wá.
Òjò náà kò sì rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni. Kò rọ̀ rárá.
Ó yà bàrá gba ibòmíràn lọ, oòrùn yọ, ọ̀sà dákẹ́ rọ́rọ́
bí omi inú àwo.
Odindi oṣù kan la fi Bàbá ṣe ẹlẹ́yà:
"Alásọtẹ́lẹ̀! Òjò ń kí ọ o!"
Kò bá wa jiyàn. Ó gbé ẹ̀sín náà wọ̀
bí ẹni gbé ẹ̀wù iṣẹ́ wọ̀.

Wọ́n ní iwájú ni olórí ń wà.
Lórí omi kọ́.
Ìdí ọkọ̀ lẹni tó ń tukọ̀ ń jókòó,
níbi tí yóò ti máa rí ìpàkọ́ gbogbo èrò,
tí yóò máa kà wọ́n bí wọ́n ti ń sùn.

Lóru àná, oorun kò kùn mí.
Mo tan àtùpà, mo ń ṣí ìwé náà,
owó, owó, gbèsè, owó epo,
títí mo fi dé ẹ̀yìn pátápátá.
Orúkọ obìnrin ló kún ibẹ̀:
Ráfátù. Mọríámọ̀. Ìyá Sàídì tó ń gbé l'Ókè-Balógun.
Ìkẹrin ni Sínátù, ìkọ̀wé gbágungbàgun,
bírò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gún ìwé lu.

Ọmọ tuntun mẹ́ta ló ń wakọ̀ fún wa báyìí.
N kò mọ orúkọ ìyá wọn.
Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀.
Mo ti mú bírò, mò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi,
mo sì ń ka pákó afárá bí mo ti ń tẹ̀ wọ́n:
ọ̀kan yìí dára,
èyí dára,
èyí kò dára.