Omi Abẹ́ Ilẹ̀ẹ́lẹ̀

Ọjọ́ kẹta rèé tí táǹkì ń gbẹ mọ́jú.
A ti gbogbo ẹ̀rọ pa, títí kan ti ẹ̀yìnkùlé.
Ìyá mi bá ayálégbé jà, ó tọrọ àforíjì,
ó tún bá a jà.
Ológbò ló kọ́kọ́ mọ̀:
nínú ooru oṣù kẹta, ní Ìjọ̀kà,
ó fi àga sílẹ̀, ó ń sùn sójú kan ní pálọ̀,
níbi tí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ti tutù bí ìdí àmù.

Wọ́n máa ń ní omi ló dànù, agbè ò fọ́.
Tiwa, agbè ló sán,
a ò sì rí omi tó dànù.

Òwúrọ̀ Sátidé ni Akínṣípẹ̀ dé láti Òkè-Àró,
pọ́ńbà, eyín iwájú rẹ̀ kan ti lọ.
Ó ní ká pa rédíò. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má rìn.
Ó bọ́ bàtà, ó ṣí fìlà,
ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún kọnkéré,
ó da ife dé ojú ilẹ̀, ó fi etí lé ìdí rẹ̀.
Mo rí i tó ń mi orí
bí ẹni tí wọ́n ń fẹjọ́ sùn.

"Ta ló ri páìpù yìí mọ́lẹ̀?"
Ìyá mi ní bàbá wọn ló mọ̀,
bàbá wọn sì ti lọ.
Àpò kòkó mẹ́tàdínlógún ló tà
kó tó ra páìpù, kó tó ra sìmẹ́ǹtì.
Ó ní òun ò ní kọ́lé tán
kí ìyàwó òun tún máa ru garawa.

Òòlù sọ̀kalẹ̀. Kọnkéré sán,
eruku bo ojú fọ́tò bàbá mi lára ògiri.
Òkúta wẹ́wẹ́. Yẹ̀pẹ̀ pupa tó ti di ọbẹ̀.
Lẹ́yìn náà páìpù, funfun bí eegun apá;
ìgunpá rẹ̀ ló ti ń sun, díẹ̀díẹ̀,
bí ojú ẹni tí kò fẹ́ ká mọ̀ pé òun ń sunkún.

Akínṣípẹ̀ dákẹ́.
Ó fọwọ́ kan rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n wé mọ́ ọn,
kókó méjì, dídì ọlọ́wọ́ òsì.
Ó wo ọwọ́ òsì tirẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà.
Àwọn tó ń po kọnkéré ti ń pariwo,
òjò ti ṣú lókè odò Alá, ọ̀gá mi ní kí n ṣe kíá.
Gọ́ọ̀mù ti tán. Mo ní,
ta ni yóò wò ó?
Bàbá yín fún mi ní ẹ̀kọ àti àkàrà lọ́jọ́ náà.
Mo jẹ ẹ́."

Omi ń sun.
Ọdún mẹ́tàlélógún ni rọ́bà fi gbé irọ́ dúró.
Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa.
"Rọ́bà náà gbìyànjú," ló wí.

Ó gé ìgunpá náà dànù, ó fi tuntun sí i,
ó fi gọ́ọ̀mù pa á, ó nu ún, ó tún pa á,
ó jókòó tì í fún wákàtí méjì
bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn.
Ìyá mi gbé ẹ̀kọ wá. Kò sí àkàrà.
Ó ní òun ò ní gbowó; ó gba ìdajì.
Ó ní ká má tíì dí ihò náà, ó di Mọ́ńdè.

Lóru, mo dìde, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò.
Ìgunpá gbẹ.
Ológbò jókòó létí rẹ̀, ó ń wò mí,
inú ń bí i.