Àpótí Tí Kò Nídìí

Lẹ́yìn ojú irin ní Łódź,
níbi tí ilé ìhunṣọ ti ń da eérú èédú nù láyé ọjọ́un,
ni wọ́n ti pín ilẹ̀ fún àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì.
Ilẹ̀? Ẹ jẹ́ n ṣáà pè é bẹ́ẹ̀.
Eérú ni, àfọ́kù bíríkì ni, ìṣó ni.
Ọkọ́ kàn án, ó ké
bí eyín tó pàdé òkúta nínú ìrẹsì.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Bogumiła ń gbé korobá wọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro,
ó dé e lọ́mọrí, ó gbé e lé itan bí ọmọ tó sùn.
Òórùn kò mọ ọmọrí. Àwọn ọ̀dọ́ a máa yínmú.
Eépo ọ̀dùnkún, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí,
èèpo ẹyin ọdún Àjíǹde tí àwọ̀ pupa ṣì wà lára rẹ̀.

Pákó mẹ́rin ló kàn pọ̀, kò tẹ́ nǹkan kan sísàlẹ̀.
Mo ní, "Bogumiła, àpótí yìí ò nídìí."
Ó ní, "Ìdí rẹ̀ nìyẹn," ó fẹsẹ̀ lu ilẹ̀.
Mo rò pé ọgbọ̀n ọdún nídìí ẹ̀rọ òwú
ti ra obìnrin náà níyè.

Ọdún kejì, Ireneusz ọkọ ọmọ rẹ̀ fẹ́ ràn án lọ́wọ́:
ó da odidi ìkòkò omi iyọ̀ kùkúńbà sí igun òsì.
Ekòló tó ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀ kó ẹrù wọn.
Ìyá kò pariwo.
Ó ń fa ìwé ìròyìn ya, ó ń tẹ́ ẹ, ó ń dúró de òjò.

Òjò dídì bọ́, ó yọ́. Ó tún bọ́.

Oṣù kẹrin ọdún kẹta, ó ní ká jọ sún àpótí ní ìṣísẹ̀ kan.
Mo ti ọkọ́ bọlẹ̀. Kò ké.
Ó wọlé bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò.
Ilẹ̀ dúdú, ó tutù, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan;
lábẹ́ ìyẹn, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ sínú eérú.
Ekòló ti padà wá júbà, ilẹ̀ ti lanu.
Gbòǹgbò di àbọ̀ bíríkì kan mọ́ra
bí ẹni di owó sétí aṣọ.
Ìṣísẹ̀ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, eérú ṣì ni eérú.

Igun òsì ńkọ́? Ó funfun, ó le.
Èsìsì tó mu oje àpótí títí tó fi dé orúnkún mi
níbi yòókù, ó yà fún un.
Bogumiła kúnlẹ̀, ó fìka kàn án.
"Èyí náà, láti inú ìkòkò wa ni."

Ó wá ń fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣírò sókè:
ìṣísẹ̀ mẹ́tàlélógún, ọdún mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan,
ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin.
Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni.
Ẹ̀rín pa á, ó fẹ̀yìn ti ọgbà tó pààlà wa,
ó na korobá òfìfo sí mi.
"Ìwọ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tìrẹ," ló wí.
"Ká pàdé níbì kan."